Ọ̀sẹ̀ Méje Tí Mo Fi Bá Eégbọn Jà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

A ti dé láti ilé ìwòsàn. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Ẹ̀yìn mi ni Aláròyé sùn wọlé, ọmọ ọdún méje tó ti ń bá mi jiyàn tipẹ́ pé òun ti kúrò ní ẹni tí wọ́n ń pọ̀n. Ibà eégbọn ni dókítà pè é. Eégbọn tí kò tó hóró ìrẹsì ló dá ọmọ mi dùbúlẹ̀ tí kò fi dá ohùn mi mọ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Kì í ṣe oògùn nìkan ni mo gbé bọ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àgbà nínú àwọn ọmọ ìyá ọkọ mi, dá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. Bí eégbọn kan, ẹyọ kan péré, bá tún gun ara ọmọ yìí kí iléèwé tó wọlé fún sáà tó ń bọ̀, ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé. Òkè kẹta ni mò ń gbé. Kò sí koríko níbẹ̀, kò sí ajá."

Ọkọ mi ní, "A ti gbọ́, Àǹtí." Àǹtí ní kí èmi náà fi ẹnu ara mi sọ pé mo gbà. Mo sọ ọ́, torí ọmọ wà lẹ́yìn mi, agbára ìjà ò sì sí lára mi.

Ogúnjọ́ oṣù kẹrin ni wọ́n á wọlé. Ọ̀sẹ̀ méje. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá ọmọ yìí kí n tó rí i. Eégbọn ò ní gbà á lọ́wọ́ mi, èèyàn náà ò sì ní gbà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo gbé Ọ̀gá, ajá wa, sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ajá tó ń gbó gbogbo ẹni tó bá kọjá, ó dákẹ́ bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ẹ̀mú kékeré tí mo fi ń fa òwú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo lò. Eégbọn mọ́kànlélógójì: inú etí, abẹ́ ọrùn, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo ń kó wọn sínú agolo omi ọṣẹ. Oníbàárà kan wọlé wá gbé aṣọ rẹ̀, ó yọjú wo agolo, ó ní òun á padà wá lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Gbogbo àdúgbò ti di dókítà. Ẹni kan ní kẹrosíìnì ni. Mẹkáníìkì ìkòríta gbé ọ́ìlì dúdú tó ti jó wá fún mi, ó ní kí n fi kun ajá látorí dé ìrù. Alágbàfọ̀ ní kí n lé ajá náà jáde kí n sinmi. Mo kó gbogbo ìmọ̀ràn náà, mo fa Ọ̀gá lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, mo lè bí i, àmọ́ ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

"Ọ́ìlì kẹ̀? Màmá, ṣé ajá lẹ fẹ́ tọ́jú ni àbí ọkọ̀? Májèlé ni!"

Mo ní ṣé kí n wá lé e lọ ni.

"Bí ẹ bá lé e lọ, àwọn eégbọn tó wà nínú ọgbà ò ní bá a lọ. Ẹni tó bá kù nílé ni wọ́n á máa jẹ. Ẹ jẹ́ kí ajá máa bá yín gbógun tì wọ́n."

Ó fún Ọ̀gá ní oògùn oníhóró kan. Eégbọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ látòní, ó kú nìyẹn. Oògùn náà wọ́n ju ti Aláròyé lọ. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń yọ ọ́ lára èèyàn: kí n di orí rẹ̀ mú níbi tó ti wọ awọ, kí n fà á tààrà, kí n má fi iná sun ún, kí n má tẹ ikùn rẹ̀. Ó sì ní kí n kan aṣọ funfun mọ́ igi, kí n máa wọ́ ọ káàkiri inú ọgbà láràárọ̀. Eégbọn tó bá ń dúró de ẹni tó ń kọjá á so mọ́ aṣọ, màá sì rí i. Aṣọ funfun kọ́ ni yóò wọ́n mi nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Láàárọ̀, mo ṣán gbogbo koríko ẹ̀yìnkùlé títí ilẹ̀ fi hàn. Ọwọ́ mi bó. Mo wọ́ aṣọ funfun: eégbọn mẹ́sàn-án, gbogbo wọn lápá ibi tí ilé Ọ̀gá fara ti ògiri.

Lẹ́yìn ògiri yẹn ni ilẹ̀ Bàbá Ayàwòrán wà, koríko ibẹ̀ sì ti tó mi ní ìbàdí. Ta ni mo tún fẹ́ lọ bi?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ bá a. Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, torí a kọ́ mi nílé. Lẹ́yìn náà mo sọ tẹnu mi.

"Bàbá, eégbọn inú oko yín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi."

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi sójú padà. Ogójì ọdún ló fi ya àwòrán àwọn èèyàn. Bó ṣe ń wò mí, ó dà bíi pé ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa bá mi lójú mu. "Ta ló sọ fún ọ pé inú oko mi ló ti wá?"

"Ibo ló kù tó lè ti wá?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lọ wá ìdáhùn rẹ̀."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé bàtà mi síwájú ilé rẹ̀. Aláròyé ló lọ gbé e.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Òjò. Bàbá Ayàwòrán kí mi lórí ògiri. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Ohun tí mo ṣe lónìí, màá kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Bàbá Ayàwòrán jáde. Mo mú àdá, mo wọ inú ilẹ̀ onílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán. N kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo ṣe dé ìdajì, mo gbórí sókè, mo rí i tó jókòó sórí àga níwájú ilé rẹ̀, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ojú tì mí, àmọ́ mi ò dúró. Àdá ti wà lókè, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo ṣán gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "O gbàgbé ìdí ọsàn." Mo padà lọ ṣán ìdí ọsàn.

Àmọ́ kí n tó ṣán ohunkóhun rárá, mo ti kọ́kọ́ wọ́ aṣọ funfun kọjá lórí koríko rẹ̀, kí n lè rí ẹ̀rí mú dání. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ́ ọ. Mi ò rí ẹyọ kan. Mo sọ fún ọkọ mi pé ìrì ló rin aṣọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Eégbọn lórí kọ́tìnnì yàrá. Ọ̀kan tún ń gun ògiri lọ lókè ibi tí Aláròyé ń sùn, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí onílé. Mo pa á, mo sì jókòó sílẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Ẹkún náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ torí iṣẹ́ wà lọ́wọ́.

Mo fa gbogbo bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri. Mo gé etí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kó má baà fara kan ilẹ̀. Mo rán sòkòtò funfun méjì fún ọmọ, ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ ní rọ́bà. Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ la ń yẹ ara rẹ̀ wò báyìí: etí, abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, gbogbo orí. Ó ti sọ ọ́ di eré. Bí mo bá gbójú fo ibì kan, á ní, "Màmá, ẹ ò tíì wo ìdodo."

Àǹtí pè. Kò tilẹ̀ kí mi tó fi bi mí.

"Mélòó?"

"Lára ọmọ, òdo."

"Nínú ilé ńkọ́?"

Mo ní a ò ṣe àdéhùn lórí ilé. Ó pa fóònù.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ti rí wọn.

Oòrùn ọ̀sán mú gan-an. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ọ̀gá, mò ń dúró kí aṣọ funfun tí mo fọ̀ gbẹ. Ojú mi lọ sára ògiri. Láàárín búlọ́ọ̀kù kan àti èkejì, níbi tí sìmẹ́ńtì ti fọ́ kúrò, ohun kan ń rìn jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Mo yọ abẹ́rẹ́ tí mo máa ń fi sí àyà aṣọ mi, mo tì í bọ inú ihò náà, mo fà á jáde. Wọ́n kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: ńlá, kékeré, àti ẹyin tó ṣù jọ. Mo gbìyànjú ihò kejì. Bákan náà. Látilẹ̀ dé òkè, láti ilé ajá títí dé ọ̀kánkán fèrèsé yàrá ọmọ.

Kì í ṣe koríko Bàbá Ayàwòrán. Ògiri wa ni. Bíríkìlà ni ọkọ mi, ó ti rẹ́ ògiri ilé àwọn olówó títí ó fi ń dán bíi dígí. Ọdún mẹ́jọ rèé tó mọ tiwa, tó ní òun á rẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi náà ò yọ ọ́ lẹ́nu. Aṣọ ọrùn mi gan-an, ó ti ya lápá láti ọdún tó kọjá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo sọ fún un lẹ́yìn tó jẹun tán, torí mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́ ṣáájú, kò ní jẹun.

"Ògiri mi?" Ó dìde. "Ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ? Ṣé o ti rí i tó yẹ̀ rí?"

"Mi ò sọ pé ó yẹ̀. Mo ní ó lanu."

"Ó lanu!"

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń pa òwe yẹn fún àwọn ọmọṣẹ́ yín."

Ó jáde lọ síta. Mo gbọ́ tó ń fi ìka kan ògiri kọ́-kọ́-kọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó wọlé, eégbọn kan wà lára apá aṣọ rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí ọmọ wà nílé ìwòsàn, mò ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ẹni tó ṣe wá hàn wá." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Bàbá Ayàwòrán. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì.

"Dìde, dìde. Àti ọjọ́ tó o ṣán oko mi tán, tó o ká aṣọ funfun rẹ lọ láìfi ohunkóhun hàn mí, ni mo ti mọ̀ pé ò ń bọ̀."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, kò sẹ́ni tó bá mi ṣán oko yìí rí. Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́, ṣé wàá tún bínú sí mi?"

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Sìmẹ́ńtì ti tún gbówó lórí. A rà á. Dókítà ẹranko fún wa ní oògùn tí a máa fọ́n sínú ihò. Ó ní kí ọmọ àti ajá wà lọ́dọ̀ Bàbá Ayàwòrán títí yóò fi gbẹ. Kó tó dìgbà yẹn, mo fi omi tó ń hó gan-an fọ ìdí ògiri, kòkò mẹ́rìnlá. Bí mo bá ti da ọ̀kan, mo ń sọ̀rọ̀ sí wọn. Mo bá ìyá wọn wí, mo bá bàbá wọn wí. Ọkọ mi ní òun ò mọ̀ pé ẹnu mi rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Bí ọkọ mi bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, kì í bọ́ aṣọ. Á po yanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì, á fi irin ìrẹ́lé sọ ọ́ mọ́ ògiri, á fà á títí á fi jọ̀lọ̀. Àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wá fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá bíríkìlà, ta ló gbéṣẹ́ yìí fún yín? Ṣé ó sanwó ṣáájú?" Ó ní ìyàwó òun ni, pé kò sì sí oníṣẹ́ tó le tó o. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n bá a ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú.

Iye eégbọn lára aṣọ funfun lọ́sẹ̀ yìí: mọ́kànlá, mẹ́fà, méjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Ògiri parí. Aṣọ funfun wọ́ kọjá, ó padà ní funfun. Mo tún un wọ́. Funfun. Mo fò sókè bí ọmọdé, Ọ̀gá náà fò, kò mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Mo rí ọ̀kan lára Aláròyé.

Ẹ̀yìn etí òsì. Mò ń wẹ̀ ẹ́ ni. Kékeré, pẹlẹbẹ, kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ yó, àmọ́ ó ti ki ẹnu bọ awọ. Mo fi ẹ̀mú yọ ọ́ tààrà, mo fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, mo fi eégbọn náà sínú ìgò, mo kọ ọjọ́ sí i lára. Mo mọ ibi tó ti wá: súwẹ́tà tó wọ̀ láàárọ̀, tó ti wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó ṣàìsàn. Mo yẹ gbogbo aṣọ ilé yìí wò, èmi aránṣọ, mo sì gbàgbé ọ̀kan.

Kò sẹ́ni tó rí i. Ọmọ rò pé mo ń nu etí òun ni. Bí mo bá sọ ìgò yẹn nù, ọ̀rọ̀ tán. Mo jókòó tì í láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́, mi ò rán ojú abẹ́rẹ́ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Bí ibà náà bá tún dé, Àǹtí gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kó tó dé. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Mo bẹ ọkọ mi pé kó bá mi sọ ọ́ fún un.

Ó mi orí. "Eégbọn so mọ́ akátá nímú, wọ́n ní kí adìẹ wá já a, adìẹ mọ̀ pé oúnjẹ akátá ni òun. Àǹtí ló tọ́ mi dàgbà. Bó bá ti pariwo mọ́ mi, màá gbé ọmọ náà fún un."

Ó kéré tán, kò parọ́. Mo pè é fúnra mi.

"Àǹtí, mo rí ọ̀kan lára ọmọ lánàá. Mo ti yọ ọ́. Ara rẹ̀ dá."

Mo ń gbọ́ ìró wọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀.

"O rántí ohun tó o fẹnu ara rẹ gbà," ló sọ níkẹyìn.

"Mo rántí. Mi ò ní ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. Ọmọ mi ń bẹ níbi tí mo wà."

Òun ló kọ́kọ́ pa fóònù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkọ̀ dúró. Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì ńlá. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lẹ́nu rẹ̀, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo na ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú. Ọdún méjìdínlógún tí mo ti wọ ilé wọn, mi ò gbójú sókè wo obìnrin yìí rí.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Bó bá jẹ́ àlejò lẹ wá ṣe, màá gba báàgì yín. Bó bá jẹ́ ọmọ lẹ wá mú, ẹ gba orí mi kọjá."

Ó gbé báàgì sílẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ mẹ́rìnlá la fi ń ṣọ́ ibà yẹn. Mo ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Yà fún mi lọ́nà, ẹsẹ̀ ń ro mí."

N kò gbà á gbọ́ ní kíá. Mo wọ́ báàgì náà wọlé fúnra mi, mo sì gbé e sí yàrá tí ó jìnnà sí ti ọmọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Ooru ara ọmọ: 36.6 láàárọ̀. 36.8 nírọ̀lẹ́. Àǹtí ló ń wọ́ aṣọ funfun báyìí, ó ní mi ò wọ́ igun ọgbà dáadáa. Ó tún ilé ìdáná mi tò láìbi mí. Mo tún un tò padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

37.9.

Àǹtí ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta ló ka ohun tí wọ́n fi ń wọn ara gbígbóná. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á fúnra mi, 37.9 náà ni. A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ní, "Lọ́jọ́ kẹta yẹn ní wọ́ọ̀dù, èmi ni mo mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rò pé ó ti lọ. Mi ò sọ fún yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí látìgbà yẹn." Mo ní ẹ̀rù ń ba èmi náà, Àǹtí, láràárọ̀.

Lẹ́yìn wákàtí kan, 36.9. Abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ni Aláròyé àti Ọ̀gá ti ń sápamọ́ fún wa látàárọ̀, nínú ooru yìí. Àwa méjèèjì bá a wí débi pé ajá ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́

36.7. Ọjọ́ kẹrìnlá pé lónìí.

Aláròyé wọ aṣọ iléèwé, ó ti kúrú lẹ́sẹ̀. Mo tú etí aṣọ náà sílẹ̀ lánàá kó lè gùn sí i. Bàbá rẹ̀ mú un lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi yà ní ìkòríta, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn tí mi ò rí i mọ́.

Àǹtí ń di ẹrù. Mo rí i tó fa báàgì kejì jáde látinú ti àkọ́kọ́, báàgì kékeré aláwọ̀ pupa, òfìfo, ó ká a síbẹ̀. Ó rí i pé mo rí i.

"Ti aṣọ ọmọ ni," ló wí. "Mo mú un dání lọ́jọ́ tí mo dé."

"Àmọ́ ẹ ní ẹ wá ṣọ́ ibà ni."

"Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Mi ò tíì mọ èyí tí màá ṣe nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀." Ó ti báàgì pupa náà padà sínú ti ńlá, ó fa síìpù rẹ̀ pa. "Ká ní o yà fún mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn láìjà, ǹ bá ti mú ọmọ lọ."

Mo gbé báàgì rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Ó fúyẹ́.